Owó ìfẹ̀yìntì: ẹ yẹ àkáǹtì yín wò kí ọjọ́ tó pé (ìjíròrò àwọn òṣìṣẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́)

Akọ̀wé Tàkíè

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ nílé lóko, ẹ kú déédé ìwòyí. Ìbéèrè lórí owó ìfẹ̀yìntì ti pọ̀ jù láàárín wa, ìdáhùn sì fọ́n ká. Ẹ jẹ́ ká kó o jọ sójú kan. Èyí tí wọ́n ń béèrè jù rèé: báwo ni olùkọ́ ilé ìwé aládàáni tàbí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn aládàáni ṣe máa mọ̀ pé owó tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù òun ń dé ibi tó yẹ? Èló lèèyàn lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà tó bá fẹ̀yìn tì? Àwọn tó ṣiṣẹ́ ní Gánà, ní Ìlú Ọba tàbí ní Saudi ńkọ́, àti àwọn àlejò láti òkè òkun tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa? Ẹni tó bá mọ apá kan, kó sọ apá yẹn, kó sì fi iye sí i. Ẹ jọ̀wọ́, "ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì" nìkan kò tó.

Oníṣirò Apákẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, Akọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí n mú ti àwọn òṣìṣẹ́ aládàáni.

Òfin tó ń darí rẹ̀ ni Pension Reform Act ti ọdún 2014, tó rọ́pò ti 2004. Ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ wà nínú ètò náà, ó wu ọ̀gá ni o, kò wù ú ni o. Òṣìṣẹ́ á dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, agbanisíṣẹ́ á fi ìdá 10 lé e, ó kéré tán. Agbanisíṣẹ́ tó bá ní òun nìkan ló máa dá a kò gbọ́dọ̀ san ohun tó dín ní ìdá 20. Orí kí ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀? Owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀. Ibí yìí gan-an làwọn kan ti ń gé e: wọ́n á ṣírò rẹ̀ lórí owó oṣù gan-an, wọ́n á yọ owó ilé àti ọkọ̀ sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká mú olùkọ́ kan tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ₦80,000 lóṣù. Ìdá 8 tirẹ̀ jẹ́ ₦6,400, ìdá 10 ti ilé ìwé jẹ́ ₦8,000. ₦14,400 ló yẹ kó máa wọ àkáǹtì rẹ̀ lóṣooṣù, ₦172,800 lọ́dún. Tó bá jẹ́ ₦6,400 nìkan lẹ rí nínú statement (ìwé tó ń fi owó tó wọ àkáǹtì yín hàn), ilé ìwé kò san tirẹ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ ₦12,000, wọ́n ṣì ń lo ìdá 7.5 lọ́nà méjì ti òfin 2004, èyí tó ti kásẹ̀ ńlẹ̀ láti 2014.

Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 tí wọ́n bá ti san owó oṣù ni owó yìí gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ PFC, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń pa owó mọ́. PFA, ìyẹn ilé iṣẹ́ tí ẹ ṣí àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yín sí, ló ń pàṣẹ bí wọ́n ṣe máa fi owó náà dókòwò, àmọ́ owó kì í sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí agbanisíṣẹ́ bá pẹ́, ìtanràn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó jẹ, fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí kò fi san. Ẹ fi èyí sọ́kàn: gbèsè tó jẹ àkáǹtì òṣìṣẹ́ ni òfin ka ìtanràn náà sí.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò: nọ́ńbà yín tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN, tí wọ́n ń pè ní PIN, ni ẹ máa fi béèrè statement lọ́wọ́ PFA, lórí fóònù, nípasẹ̀ email tàbí ní ọ́fíìsì wọn. Ẹ béèrè láti oṣù àkọ́kọ́, kì í ṣe ti ọdún yìí nìkan. Ẹ gbé ìwé owó oṣù yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa fi oṣù wé oṣù. Tí ẹ bá rí oṣù tó ṣófo, ẹ má tíì bá akápò jà. Ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀: ọjọ́ tó san án, iye gbogbo tó san lọ́jọ́ náà, àti ojú ewé tí orúkọ yín wà nínú ìwé tó fi ránṣẹ́. Ìdí ni pé nígbà míì owó ti lọ, àmọ́ akọ̀wé ṣi nọ́ńbà PEN kan kọ, tàbí ó fi owó ẹni tó wà ní PFA kan ránṣẹ́ sí òmíràn. Irú owó bẹ́ẹ̀ máa ń so rọ̀ lọ́dọ̀ PFC láìní olówó. Nǹkan mẹ́ta yẹn ni PFA máa fi tọpa rẹ̀.

Bí akápò kò bá ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a jẹ́ pé kò san án. Nígbà náà ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí agbanisíṣẹ́, kí PenCom, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ètò yìí, gba ẹ̀dà pẹ̀lú statement àti ìwé owó oṣù. PenCom ní àwọn aṣojú tó ń wo ìwé ìṣirò agbanisíṣẹ́ tí wọ́n sì ń gba gbèsè náà pẹ̀lú ìtanràn. Ilé iṣẹ́ tó bá sì fẹ́ gba kọ́ńtírákì ìjọba àpapọ̀ nílò ìwé ẹ̀rí PenCom pé òun ò jẹ gbèsè, ìdí nìyẹn tí ọ̀gá tó ń wá kọ́ńtírákì fi máa ń tètè sanwó.

Ọmọ Ajílété

Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Ilé ìwé tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 15 ńkọ́? Olùkọ́ 11 ló wà nínú èyí tí mo ń béèrè fún.

Oníṣirò Apákẹ́

Ẹ kọ́kọ́ ka gbogbo òṣìṣẹ́, kì í ṣe olùkọ́ nìkan: akápò, mẹ́gàádì, awakọ̀, àwọn tó ń gbálẹ̀, ìyá tó ń dáná. Mọ́kànlá lè di 16 báyẹn. Tí kò bá tó 15 lóòótọ́, tó sì tó 3, wọ́n lè wọlé sí ètò náà, àmọ́ kò pọn dandan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń yọ owó lára owó oṣù, tí wọ́n ní owó ìfẹ̀yìntì ni, owó yẹn kì í ṣe tiwọn mọ́.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Ẹlẹ́rin

Ohun tó ń dá owó dúró jù lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì ni orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Orúkọ tó wà nínú NIN, BVN, ìwé PFA àti lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ bára mu. Lọ́dọ̀ wa níbí, ọ̀nà mẹ́ta ló sábà máa ń gbà dàrú: orúkọ ọkọ tí obìnrin ń jẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó, orúkọ Mùsùlùmí tí wọ́n kọ ní Muhammed níbì kan àti Mohammed níbòmíràn, àti orúkọ Yorùbá tó gùn tí wọ́n gé kù lórí fọ́ọ̀mù.

Ẹ tẹ̀ lé e báyìí: NIN ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, lẹ́yìn náà BVN ní bánkì, kí ẹ tó wá lọ ṣe data recapture ní PFA, ìyẹn ni pé kí wọ́n tún àkọsílẹ̀ yín gbà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti PFA yóò padà wá tún un ṣe, torí pé ara NIN ni wọ́n ti ń fa orúkọ jáde. Ti orúkọ ìgbéyàwó, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìbúra kóòtù. Ti ọjọ́ ìbí, àjọ ètò ìkànìyàn ló ń fúnni níwèé ẹ̀rí. Kò sí ìdí láti dúró di ọdún ìfẹ̀yìntì. Ẹni tó lè ṣe é lónìí, kó ṣe é.

Àwọn míì ní PIN méjì nítorí pé wọ́n pààrọ̀ iṣẹ́, ọ̀gá tuntun sì tún wọn kọ sílẹ̀. Ìyẹn kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀: PIN kan ṣoṣo lèèyàn ń gbé láti iṣẹ́ dé iṣẹ́. Ẹ kọ̀wé sí PFA méjèèjì kí wọ́n pa á pọ̀.

Olùkọ́ Ìsàlẹ̀ Àfọ́n

Ẹ̀yin olùkọ́ ìjọba, ẹ má da tiyín pọ̀ mọ́ ti aládàáni o. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin owó ìfẹ̀yìntì fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé owó oṣù ló máa tètè sọ ibi tí ẹ wà: bí wọn ò bá yọ ìdá 8, tí ẹ kò sì ní PIN, ètò àtijọ́ lẹ wà, níbi tí ìjọba ti ń san gírátúítì àti pẹ́ńṣàn láti inú àpò tirẹ̀.

Nínú ètò àtijọ́, iye ọdún iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ọdún 5 ló kéré jù fún gírátúítì, ọdún 10 fún pẹ́ńṣàn. Ẹni tó lo ọdún 10 yóò gba gírátúítì ìdá 100 owó ọdún rẹ̀ ìkẹyìn, pẹ́ńṣàn rẹ̀ á sì jẹ́ ìdá 30. Ẹni tó lo ọdún 35 yóò gba ìdá 300 àti ìdá 80. Bí owó ọdún ìkẹyìn bá jẹ́ ₦1,500,000, gírátúítì ọdún 35 jẹ́ ₦4,500,000, pẹ́ńṣàn jẹ́ ₦1,200,000 lọ́dún, ìyẹn ₦100,000 lóṣù.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni fáìlì. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ àkọ́kọ́, lẹ́tà ìfìdímúlẹ̀, gbogbo lẹ́tà ìgbéga àti gbogbo lẹ́tà ìgbésípòpadà. Olùkọ́ tí wọ́n gbé láti Súúlérè lọ sí Orí Iré, tó tún padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ Àríwá, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ló ní láti jẹ́rìí sí ọdún rẹ̀. Bí ojú ewé kan bá sọnù nínú wọn, ọdún yẹn lè yọ kúrò nínú ìṣirò, gírátúítì á sì dín kù. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí kó o jọ ní ọdún méjì ṣáájú, kí ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan wà nílé.

Ọ̀rọ̀ ọdún 65: òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2022 sọ ọ́ di ọdún 65 lókè eèpẹ̀ tàbí 40 lẹ́nu iṣẹ́ fún àwọn olùkọ́. Kí olùkọ́ ìpínlẹ̀ tó gbára lé e, kó rí ìwé àṣẹ tí ìpínlẹ̀ tirẹ̀ fi gbà á, kó mú un lọ́wọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọdún 60 tàbí 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, ni wọ́n ń lò.

Abala 210 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 sọ pé kí ìpínlẹ̀ máa tún pẹ́ńṣàn gbé yẹ̀wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún tàbí nígbà tí owó oṣù bá yí padà, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Kí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì má ṣe gbàgbé abala yìí nínú lẹ́tà tí wọ́n bá ń kọ.

Akọ̀wé Tàkíè

Àwọn ti ìjọba àpapọ̀ ńkọ́, bí àwọn olùkọ́ Federal Government College àti òṣìṣẹ́ poly tó wà ní Ayédé?

Olùkọ́ Ìsàlẹ̀ Àfọ́n

Àwọn yẹn wà lábẹ́ òfin 2014. Ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó di oṣù kẹfà 2004 ní owó àtẹ̀yìnwá tí ìjọba jẹ ẹ́ fún ọdún ìgbà náà. Ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú PenCom lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún tó ṣáájú ìfẹ̀yìntì, kó sì ní ìwé tó fi ipele àti ìgbésẹ̀ rẹ̀ hàn ní 30 oṣù kẹfà 2004, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀. Owó àtẹ̀yìnwá yìí ni ìjọba jẹ pẹ́ títí tó fi di pé ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bọ́ǹdì ₦758 bílíọ̀nù ní oṣù kejì 2025. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lábẹ́ ètò àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀, PTAD, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń san pẹ́ńṣàn ètò àtijọ́, ni tiwọn, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ọjọ́ "I Am Alive", tí wọ́n fi ń jẹ́rìí pé àwọn ṣì wà láàyè, kọjá.

Oníṣirò Apákẹ́

Ó kan ìbéèrè èló lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ìdá kan pàtó tí òfin dá fún gbogbo èèyàn. Ohun tí òfin ní ni pé ẹ lè mú lára rẹ̀, bí ohun tó bá ṣẹ́ kù bá lè san pẹ́ńṣàn tí kò dín ní ìdajì owó tí ẹ ń gbà lọ́dún nígbà tí ẹ ń fẹ̀yìn tì. Ẹni tó ń gba ₦120,000 lóṣù, ohun tó kù gbọ́dọ̀ lè san ₦60,000 lóṣù. Ohun tó bá lé ni ti ẹ̀ẹ̀kan náà. Ọjọ́ orí wà nínú ìṣirò náà: ẹni ọdún 50 ní ọdún púpọ̀ níwájú ju ẹni 60 lọ, nítorí náà ti ẹni 50 á kéré.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ẹni tí wọ́n gbé owó oṣù rẹ̀ sókè gan-an lọ́dún méjì ìkẹyìn yóò rò pé owó ọwọ́ òun á pọ̀. Òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀. Owó kékeré ọdún pípẹ́ ló kún inú àkáǹtì, àmọ́ owó ńlá ti ìkẹyìn ni wọ́n fi ń wọn ìdajì, nítorí náà ohun tó lé á dín kù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi owó àtinúwá kún tirẹ̀ ṣáájú. Ẹ béèrè fún ìṣirò lọ́wọ́ PFA ní ọdún kan ṣáájú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ilé kankan.

Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó pé 50, tí kò sì rí òmíràn lẹ́yìn oṣù 4, lè gba ohun tí kò ju ìdá 25 lọ. Láti 2022, ẹni tó ti dá owó fún ọdún 5 lè lo ìdá 25 láti fi ṣe owó ìbẹ̀rẹ̀ fún ilé mọ́gééjì (ilé tí wọ́n ń yáwó rà).

Ìyókù, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà san án: programmed withdrawal, tí owó yóò ṣì wà lórúkọ yín lọ́dọ̀ PFA, tí wọ́n á máa yọ díẹ̀díẹ̀, tàbí annuity, tí ẹ fi owó náà ra owó oṣù títí ọjọ́ ikú lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò. Ní tèmi, ẹni tó ní ọmọ kékeré tàbí ìyàwó tí kò níṣẹ́ kó mú ti PFA, torí ohun tó bá kù lẹ́yìn rẹ̀ di ogún.

Àgbà Ìjẹrù

Mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ mi ò fara mọ́ ìyẹn pátápátá. Owó tó wà lọ́dọ̀ PFA lè tán tí ẹ̀mí bá gùn. Annuity kì í tán títí dọjọ́ ikú. Ọdún 10 àkọ́kọ́ sì dájú: bí olówó bá kú ní ọdún kẹrin, wọ́n á san ti ọdún mẹ́fà tó kù fún àwọn tó fi sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 10 ni kò sí ogún níbẹ̀ mọ́. Ìdílé tí àwọn àgbà wọn ti ń rí 90 kó ro èyí dáadáa. Ẹ sì rántí pé ẹni tó wà lọ́dọ̀ PFA lè kó bọ́ sínú annuity lọ́jọ́ iwájú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ra annuity kò lè padà sọ́dọ̀ PFA. Nítorí náà, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ PFA.

Ní ti àwọn tó ń jà kí wọ́n gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé.

Oníṣirò Apákẹ́

Mo gbà, bàbá. Ọ̀rọ̀ àìlèpadà yẹn ló ṣe kókó jù.

Ìyá Aráda

Àwa tí a ń tajà, tí a kò ní ọ̀gá, ṣé tiwa wà níbẹ̀?

Akọ̀wé Tàkíè

Ó wà, ìyá wa. Micro pension ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n ṣí i ní 2019. Ẹni ọdún 18 sókè lè wọ̀ ọ́: aránṣọ, ọlọ́kadà, mẹkáníìkì, oníṣòwò. Iye tó bá wù yín, ọjọ́ tó bá wù yín. Ìlànà 2019 pín in sí méjì: ìdá 40 tí ẹ lè yọ nígbà ìṣòro lẹ́yìn oṣù 3, àti ìdá 60 tó wà fún ọjọ́ ogbó. Ẹ má pa àjọ yín tì nítorí rẹ̀. Àjọ ni ẹ ó máa fi ra ọjà. Kìkì ohun kan: ẹ má fi owó lé aṣojú kankan lọ́wọ́ nínú ọjà. Àkáǹtì tí PFA fún yín ni kí ẹ san án sí, kí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ sì wọlé kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ọmọ Ajílété

Ti òkè òkun ni mo mọ̀.

Gánà: ìran Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ kí àṣẹ ìléjáde 1969 tó dé, oníṣòwò ló pọ̀ nínú wọn, àmọ́ àwọn ìsinsìnyí ń gba owó oṣù. Agbanisíṣẹ́ ń dá ìdá 13, òṣìṣẹ́ ìdá 5.5. Nínú 18.5 yìí, 13.5 ń lọ sí SSNIT, àjọ owó ìfẹ̀yìntì ti ìjọba Gánà, ìdá 5 ń lọ sí ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ aládàáni tí wọ́n ń pè ní tier 2. Ọ̀pọ̀ gba ti SSNIT, wọ́n gbàgbé tier 2 sẹ́yìn. Oṣù 180 ló kéré jù fún pẹ́ńṣàn ní ọdún 60. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Gánà tó sì ń kúrò níbẹ̀ pátápátá lè béèrè owó rẹ̀ lápapọ̀. Emigration benefit lorúkọ fọ́ọ̀mù náà. Ẹ parí rẹ̀ kí ẹ tó kọjá bodè.

Ìlú Ọba: ọdún 10 tí ẹ san National Insurance (owó tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù níbẹ̀) ló kéré jù láti rí ohunkóhun, 35 fún ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Wọ́n á san án fún yín ní Ògbómọ̀ṣọ́, àmọ́ iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ san ló máa dúró sí. Kì í gòkè lọ́dọọdún fún ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà. Ẹ fi ìyẹn sínú ìṣirò kí ẹ tó kó wálé.

Saudi, fún àwọn nọ́ọ̀sì wa: àlejò kò ní pẹ́ńṣàn níbẹ̀, owó ìparí iṣẹ́ ló wà. Ààbọ̀ owó oṣù fún ọdún kọ̀ọ̀kan nínú márùn-ún àkọ́kọ́, owó oṣù kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn náà. Ọdún 7 jẹ́ owó oṣù mẹ́rin ààbọ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún 5 sí 10, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni, ìyẹn owó oṣù mẹ́ta. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 2 tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kò gba nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ló yẹ kó wo kàlẹ́ńdà kó tó kọ lẹ́tà.

Àlejò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, bóyá ní yunifásítì, ilé ìwòsàn tàbí seminary: kò pọn dandan fún un. Ó lè wọ̀ ọ́ bí òun àti agbanisíṣẹ́ bá jọ gbà. Kó kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn iṣẹ́, kó sì gba ìwé lọ́wọ́ PFA, kí ó tó bọwọ́ lu ìwé, nípa bó ṣe máa mú owó rẹ̀ tó bá ń padà sílé.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Ẹlẹ́rin

Kí ọ̀rọ̀ tó tán, ẹ jẹ́ ká sọ ti ikú. Next of kin tí ẹ kọ sí PFA kì í ṣe ajogún. Bí kò bá sí ìwé ìhágún, àwọn ẹbí ní láti gba Letter of Administration ní ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ kí PFA tó sanwó, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ikú láti ọ̀dọ̀ àjọ ètò ìkànìyàn. Kí ìyàwó àti àwọn ọmọ fẹnu kò lórí ẹni tó máa lọ gbà á. Àríyànjiyàn láàárín ẹbí ló ń jẹ́ kó pẹ́ jù.

Owó mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ra ìdójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, tí kò dín ní ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tó ń gbà lọ́dún. Ẹni tó ń gba ₦1,200,000 lọ́dún, ₦3,600,000 ni tàwọn tó fi sílẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ló ń sanwó rẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lára owó oṣù. Ẹ béèrè orúkọ ilé iṣẹ́ adójútòfò àti nọ́ńbà ìwé náà, kí ìyàwó tàbí ọkọ yín ní i lọ́wọ́.

Ìyá Aráda

Ẹ ṣé o, ọmọ mi. Ọmọ àbúrò mi tó ń kọ́ni fẹ́ pààrọ̀ PFA rẹ̀. Ṣé wọ́n gbà á láyè?

Oníṣirò Apákẹ́

Wọ́n gbà á, mà, láti oṣù kọkànlá 2020. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni. PFA tuntun ni kó lọ bá, kì í ṣe ti àtijọ́, pẹ̀lú NIN àti PIN rẹ̀. Bí kò bá tíì ṣe data recapture, ìyẹn ni kó kọ́kọ́ ṣe. PIN rẹ̀ kì í yí padà. Tí wọ́n bá ti parí rẹ̀, kó fún akápò ilé ìwé ní ìwé ìfitónilétí lọ́jọ́ náà gan-an, torí bí akápò bá ṣì ń fi owó ránṣẹ́ sí PFA àtijọ́, owó yẹn lè so rọ̀ síbẹ̀.